Etí Òsì Ọ̀gá Dígí

Ojú ènìyàn kì í dún. Bí o bá wo ọ̀tún, tí o wo òsì, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ, ìwọ alára kò ní gbọ́ ọ. Ti Ọ̀gá Dígí ń dún. Bó bá ti yí ẹyinjú báyìí, yóò gbọ́ ọ nínú etí òsì, gbuuru, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí símẹ́ńtì. Bó bá ń jẹun, àgbọ̀n rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Bó bá ń rìn, gìrìgìrì ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ń tẹ̀lé e nínú orí bí ẹni tí olópàá ń lé. Ó fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí bí ọkùnrin ṣe máa jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kó ní, "Mo ń gbọ́ ojú mi," tí obìnrin náà kò ní ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n wá dì í mú.

Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Àga onírọ́bà pupa wà níbẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya tí wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́, bẹ́ǹṣì kan wà fún àwọn tó ń dúró, fáànù kan wà tó ń yí orí bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Dígí kan sì gba gbogbo ògiri. Dígí yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pẹ́ níwájú rẹ̀ débi pé kì í wo ènìyàn lójú mọ́, inú dígí ló ti ń wò wọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń bá oníbàárà jiyàn, ibẹ̀ ló ti ń kí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní, "Dígí lẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ mi." Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i nínú dígí.

Ojú tó ń dún kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́. Kílípà, ẹ̀rọ tó fi ń gẹrun, ló dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ti tàn án, tó gbé e sún mọ́ apá òsì ara rẹ̀, ilẹ̀ á gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, dígí á máa yí lọ, òòyì á kọ́ ọ débi pé ohun tó bá sún mọ́ ọn ló máa dì mú. Ohun tó sì máa ń sún mọ́ onígbàjámọ̀ jù lọ ni orí oníbàárà. Ó kọ́kọ́ ní ooru ni. Ó tún ní kílípà ni, ó ra òmíràn, èyí tuntun tún wá lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá ó fi òwú di etí, ó pa kílípà tì, ó mú sísọ̀ọ̀sì, ó sì ń sọ fáwọn ènìyàn pé sísọ̀ọ̀sì ló wà lóde báyìí, pé ẹni tó bá ṣì ń lo kílípà, ayé ti fi í sílẹ̀. Àwọn tó gbà á gbọ́ jáde pẹ̀lú orí tó rí bí koríko tí wọ́n gé dé ìdajì kí òjò tó dé.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan kò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, ó ní òun kò wá gbọ́ àlàyé, kílípà lòun fẹ́. Ọ̀gá Dígí tan kílípà. Ó na ọwọ́ jìnnà sí etí bí ẹni tó di ejò mú, iṣẹ́ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ti mu nǹkan ni?" ni ọ̀gá ilé-ìwé bi í.

"Mi ò mu nǹkan kan, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi di orí mi mú bí ẹni tó di ọ̀pá bọ́ọ̀sì mú?"

"Orí yín ló ń yọ̀, sà."

Ibi tó ti fẹ́ tún iwájú orí ṣe ni agékọ́kọ́rọ́ ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ lódì kejì ògiri. Igbe irin náà wọ etí òsì, ó gba inú òwú kọjá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ṣí nídìí. Nígbà tí ilẹ̀ fi padà sí àyè rẹ̀, irun òkè ojú kan ọ̀gá ilé-ìwé ti wà lórí aṣọ ìborùn. Ọkùnrin náà wo dígí. Ó wò ó pẹ́. Ó bèèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà sọ̀rọ̀, pé báwo lòun ṣe máa ya fọ́tò lọ́la.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé Ọ̀gá Dígí ti di ọ̀mùtí. Àwọn tó ti ń gẹ irun lọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ní irun sọdá sọ́dọ̀ Kíámọ́sá ní òdìkejì títì. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni Kíámọ́sá àti Ọ̀gá Dígí jọ ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó jà. Ìjà náà kò ju pé Ọ̀gá Dígí sọ lójú oníbàárà pé Kíámọ́sá ń gẹ irun bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹko. Kíámọ́sá kó ẹrù, ó sọdá títì, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn tirẹ̀ gàdàgbà pé: ENI TO NI ISE LOWO KO GBODO PE NIBI. Látìgbà náà, èébú nìkan ló ń sọdá láàárín wọn.

Ìyàwó Ọ̀gá Dígí ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Imú rẹ̀ mọ ohun tí ọkùnrin ṣe lánàá kí wọ́n tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, ẹ ṣí ẹnu yín."

"Mi ò mutí."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ mutí. Mo ní kẹ́ ẹ ṣí ẹnu."

Ó ṣí i. Obìnrin náà gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wá korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọtí ìbá rọrùn. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀mùtí, wọ́n ń bú u ni. Èyí tí kò rùn yìí kò yé e. Lọ́jọ́ kejì ó fà á lọ sí ọsibítù.

Dókítà àkọ́kọ́ kò wo etí rẹ̀ rárá. Aago ló wò. Ó fún un ní oògùn ibà. Èkejì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń ru, kó jáwọ́ nínú iyọ̀. Ẹ̀kẹta ní ìrònú ni, ó bi í bóyá nǹkan ń dà á láàmú nílé, ó sì yọjú wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń bèèrè. Ọ̀gá Dígí jẹ oògùn ibà, ó jáwọ́ nínú iyọ̀, ó gbìyànjú láti má ronú. Ilẹ̀ ṣì ń yí. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn ará ọsibítù tó rántí pé àwọn ní dókítà tó jẹ́ pé etí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì dókítà náà kò sì ju ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti fún Ọ̀gá Dígí ní oògùn ibà lọ.

Àgbà obìnrin ni Dókítà Etí, kì í rẹ́rìn-ín. Ó mú irin kan jáde tó ní ìka méjì bíi fọ́ọ̀kì, ó gbá a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀, irin náà ń gbọ̀n. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ìdí rẹ̀ lé egungun ọrùn ẹsẹ̀ Ọ̀gá Dígí.

"Níbo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

"Etí òsì, mà."

"Ọrùn ẹsẹ̀ yín ni mo gbé e lé."

"Mo rí i, mà. Etí òsì ni mo sì ti ń gbọ́ ọ."

Dókítà nàró. "Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ojú yín bí ẹ bá yí i?"

Ọ̀gá Dígí yẹ ojú wo ìyàwó rẹ̀, tó wà níta lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ ò ya wèrè."

"Ẹ ṣé, mà. Ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ́ sókè díẹ̀?"

Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Nígbà tí àwòrán dé, Dókítà Etí gbé e síwájú iná, ó pe ọkọ àti ìyàwó wọlé, ó sì ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn.

Ó ní nínú etí, lọ́hùn-ún pátápátá, ọ̀nà tóóró mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka tí wọ́n gé, omi ló wà nínú wọn. Bí orí bá yí, omi á mì, á sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí. Egungun ló bo àwọn ọ̀nà náà. Ní etí òsì, egungun tó bo ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́lẹ́ títí, ó ti lu. Ariwo tó yẹ kó gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá ń jò gba ojú ihò náà, ó ń mi omi. Ènìyàn á dúró gbọin, ọpọlọ rẹ̀ á máa rò pé ó ń yí.

"Bí òrùlé tó ń jò," ni Ọ̀gá Dígí wí.

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló lu ú?"

"Kò sẹ́ni tó lu ú."

Èyí dùn ún díẹ̀. Ó ti ní àwọn ènìyàn lọ́kàn.

Dókítà ní ohun méjì ló wà ńlẹ̀. Àkọ́kọ́, kó sá fún ariwo títí ayé rẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kílípà mọ́. Èkejì, iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á gba ẹ̀yìn etí wọlé, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré lu egungun díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀nà tó ń jò, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú egungun rẹ̀ àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá gé lára rẹ̀ dí i pa. Ó máa ń yọrí sí rere lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n etí náà lè di pátápátá, òòyì sì máa kọ́kọ́ le sí i kó tó lọ.

"Ẹ fẹ́ lu ihò kẹ́ ẹ lè dí ihò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ẹ wá iṣẹ́ tí kò lariwo. Ẹ lè máa tọ́jú ilé ìkàwé."

"Ẹnu ta ló máa dákẹ́ níbẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá sílé láti gbà á nímọ̀ràn. Ó ní wọn kì í lu orí ọmọ ènìyàn, orí kì í ṣe ògiri. Ó sọ ọ́ títí. Ìyàwó Ọ̀gá Dígí gbé aṣọ tó ń lọ̀ kalẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, orí tí wọn ò lè lò báyìí yìí náà, kí ló kù níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́?" Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti le jù, ó sì bèèrè omi. Ọ̀gá Dígí ti pinnu ní tirẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò fẹ́ òmíràn, kò sì fẹ́ máa jókòó wo bí orí gbogbo àdúgbò ṣe ń bàjẹ́ lọ́wọ́ Kíámọ́sá.

Lọ́jọ́ tó wọ ọsibítù, dókítà kékeré kan wá bá a níbi bẹ́ẹ̀dì láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù wà láàárín èjìká àti àgbọ̀n ọmọ náà, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó dúró níwájú Ọ̀gá Dígí, ó kọjú sí i, ó fi bírò kan etí ọ̀tún ara rẹ̀.

"Bàbá, etí yìí ni, àbí?"

"Ìyẹn gan-an," ni Ọ̀gá Dígí dáhùn.

Ọmọ náà kọ nǹkan, ó sì bá fóònù rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan dé pẹ̀lú àwo, omi ọṣẹ àti bíléèdì. Ọ̀gá Dígí wo bó ṣe di bíléèdì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fá irun ẹ̀yìn etí yín."

"Irun? Ẹja ni wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀ họ."

"Ẹ dákẹ́ kí n ráàyè ṣiṣẹ́, sà. Wọ́n ń dúró dè yín."

"Kí wọ́n dúró. Ẹ lè gé orí mi sí méjì, ìyẹn iṣẹ́ yín ni. Irun, iṣẹ́ tèmi ni. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yẹn kàn án."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó fárígá. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀gá Dígí ní kí wọ́n lọ pe onígbàjámọ̀ tòótọ́ wá. Wọ́n ní ta ni. Ó pe orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ tu. "Kíámọ́sá."

Orúkọ Kíámọ́sá rò ó. Wọn kò tíì wá ẹni tó máa ti bẹ́ẹ̀dì rí tó fi dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

"Wò ó bó ṣe wọ gáùn! Ẹ̀yìn rẹ wà níta, ṣé o mọ̀?"

"Ṣe ohun tí wọ́n pè ọ́ fún."

"Ewúrẹ́ ti dé. Níbo ni koríko wà?"

"Ẹ̀yìn etí ọ̀tún," ni nọ́ọ̀sì wí, "kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta." Kíámọ́sá pa ọṣẹ, ó ṣí abẹ. Ọ̀gá Dígí kò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, nítorí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́: na awọ yẹn, má tẹ̀ ẹ́, abẹ yẹn kò mú tó, ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn. Ó ń wá ẹ̀sùn sí ọwọ́ lẹ́sẹ̀ débi pé kò ronú kan orí. Ìgbà tó fọwọ́ sókè láti yẹ ojú ìlà náà wò ni ẹnu rẹ̀ tó pa dé.

"Kíámọ́sá. Ibo lo fá yìí?"

"Ibi tí wọ́n ní kí n fá."

"Etí òsì ló ń ṣe mí!"

"Nọ́ọ̀sì ní ọ̀tún."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé. Ọ̀tún ló wà níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà kékeré, Dókítà Etí sì bá a wá, aṣọ iṣẹ́ abẹ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ náà ní bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dúró síbi tó dúró sí lánàá, ó fi bírò kan etí ọ̀tún ara rẹ̀. "Báyìí ni mo ṣe. Mo ní, ṣé èyí ni? Ó ní ìyẹn gan-an."

Kíámọ́sá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó wò ọ́ bíi dígí!"

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Etí ọ̀tún ọmọ náà dojú kọ etí òsì Ọ̀gá Dígí gẹ́lẹ́, bí òjìji inú dígí ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin tó ti lo ayé rẹ̀ níwájú dígí rí ọwọ́ tó kan etí lọ́gbọọgba etí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì jẹ́wọ́ etí ara rẹ̀. Dókítà kékeré kò la ẹnu bèèrè òsì tàbí ọ̀tún, bírò ló fi júwe, nítorí ọkàn rẹ̀ wà nínú fóònù. Aláìsàn kò la ẹnu sọ òsì tàbí ọ̀tún, "ìyẹn gan-an" ló fi dáhùn. Láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ti fẹ́ lu ihò sí etí tó dára. Ká ní Ọ̀gá Dígí jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, ká ní ó gbà kí nọ́ọ̀sì fá irun rẹ̀ bó ṣe wù ú, ì bá ti sùn kó tó mọ ibi tí abẹ gbà. Ìgbéraga lásán ló yọ ọ́.

Dókítà Etí ní òun ì bá ti wo àwòrán inú orí náà kí òun tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kó fi hàn. Ó mú irin oníka méjì jáde, ó gbá a, ó gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ júwe. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́."

"Òsì, mà. Òsì, òsì."

Ó fi yíǹkì kọ àmì sí ọrùn apá òsì, ó ní kí wọ́n ya ìwé ti tẹ́lẹ̀. Dókítà kékeré bẹ Dókítà Etí pé kó má bínú. Kò bẹ aláìsàn. Kíámọ́sá fá apá kejì, orí Ọ̀gá Dígí sì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí ìkòkò tí etí rẹ̀ méjèèjì ti kán.

Wọ́n lu ohun tí wọ́n fẹ́ lu, wọ́n dí ohun tí wọ́n fẹ́ dí. Nígbà tó jí, ayé ń yí ju bó ṣe ń yí rí lọ. Ó bì sínú àwo, ó bì sára gáùn, ó bì sára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá sọ pé òun ṣáà ti wí i. Ìyàwó rẹ̀ ń dì í mú lọ sí ilé ìwẹ̀, òun náà ń tọ ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí ojú sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó fẹ́ jalè.

"Kí lẹ ń wá?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ti dákẹ́."

"Àwọn wo?"

Ó wá sọ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí, ó fa káàdì orúkọ aláìsàn yọ kúrò lára bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe bí ẹni tó ń wá ohun tó máa jù. "Ẹ jẹ́ kí n máa gbóòórùn ọtí lẹ́nu yín kiri, ojú yín ló ń pariwo!" Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó tún wá bú u.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Etí òsì náà ṣì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó wọlé. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i láti òkèèrè, wọ́n ń fọwọ́ bo iwájú orí. Ó ń nu àga tó ti mọ́. Kílípà wà lórí èèkàn, kò tíì tàn án, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba òun.

Kíámọ́sá sọdá títì. Kò kí i. Ó jókòó lórí àga, ó fa aṣọ ìborùn bo ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Gẹ̀ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ọ́."

"Mo mọ̀. Tan nǹkan yẹn kí n tó yí ọkàn padà."

Ọ̀gá Dígí tàn án. Ó gbé e sún mọ́ etí òsì, ó dúró, ó di ẹ̀yìn àga mú. Ilẹ̀ jókòó. Ó gbé e sún mọ́ ọn sí i, títí irin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpá tó wà lẹ́yìn etí. Àga kò dìde, ògiri kò lọ síbì kan. Ó fi àga sílẹ̀.

"Ṣé ó ń yí?" ni Kíámọ́sá bèèrè, ojú rẹ̀ dì pinpin.

"Kò yí."

"Fi ọmọ rẹ búra."

"Gbé orí dúró, ojú ìlà irun rẹ wọ́. Ta ló gẹ èyí fún ọ? Ó ṣe ọ́ níkà."

"Èmi ni mo gẹ̀ ẹ́."

"Ó hàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, ó ń gòkè lọ, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, irun rẹ̀ ti kún dáadáa.

"Wọlé," ni Ọ̀gá Dígí wí. "Ìwọ ló kàn."

"Rárá o," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Kíámọ́sá ni mò ń dúró dè."

"Jókòó nígbà náà," ni Ọ̀gá Dígí wí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dín ìyára ọwọ́ rẹ̀ kù. "Ó máa pẹ́ díẹ̀."